Ẹyin ló pa, àbí irọ́ ni wọ́n pa?

Ìbéèrè: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, lágbègbè Tákíè. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń pa ẹyin, mo sì ń ra ẹyin lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ. Ó fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni yóò pa. Ìgbà àkọ́kọ́, mo kó ogún sínú ẹ̀rọ, méjìlá péré ló pa. Ìgbà kejì, mo tún kó ogún, mẹ́tàdínlógún pa. Ṣé irọ́ ló pa fún mi ni? Ọmọ mi tó ń kàwé ní LAUTECH ní kí n má bá a jà, pé binomial ni. Ó wá kọ fọ́múlà kan sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ mi, àfi bí ìgbà tí ààfáà ń kọ tírà. Mi ò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ìkejì, oníbàárà kan fẹ́ gba ogún òròmọdìẹ lọ́wọ́ mi. Mo ṣírò pé bí mo bá kó ẹyin 25, ogún á jáde. Ṣé ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo tún rántí pé iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà àkọ́kọ́ yẹn, ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó rí epo bọ jẹnẹrétọ̀. Èmi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ẹ sì kú ìnáwó ẹ̀rọ. Kí n tètè dáhùn èyí tó ń gbóná lára yín: ẹ má tíì bá ọkùnrin náà jà. Mi ò sọ pé olóòótọ́ ni o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹyin 40 tí ẹ ti fojú rí kò tíì tó ẹ̀rí tí èèyàn fi ń pe ọmọlúàbí ní òpùrọ́. Òótọ́ lọmọ yín sọ, àmọ́ ó sọ ọ́ bí àwọn ọmọ yunifásítì ṣe máa ń sọ̀rọ̀: wọ́n á ju orúkọ òyìnbó lé èèyàn lórí, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ìṣirò ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Ọ̀yọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tó wà nínú fọ́múlà yẹn tí ẹni tó mọ owó kà kò lè lóye.

Ẹ mú ẹyin kan ṣoṣo. Bí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá pé, yálà ó pa tàbí kò pa. Kò sí ẹyin tó pa díẹ̀. Irú ọ̀ràn tí kò ní ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ báyìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò sọ ní orúkọ Jakob Bernoulli, ọmọ ìlú Basel ní Switzerland. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ kò tíì jáde tó fi kú ní 1705. Ọdún 1713 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àgbàdo tí ẹ gbìn, ó hù tàbí kò hù. Oyún, ó dúró tàbí kò dúró. Ọkọ̀ tí ẹ ń dúró dè lójú títì, ó láyè tàbí ó ti kún. Gbogbo rẹ̀, ìdílé kan náà ni.

Nígbà tí ọkùnrin náà ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ohun tó ń sọ nípa ẹyin kan ni pé ìṣeéṣe kó pa jẹ́ 0.8, ìṣeéṣe kó má pa sì jẹ́ 0.2. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó di 1, torí kò sí ọ̀nà kẹta tí ẹyin lè gbà. Ẹyin kan náà kò lè di 0.8 òròmọdìẹ láéláé. Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ ẹyin ni nọ́ńbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ẹyọ kan ni a so ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá ń dùn nígbà tí ẹyin bá ju ẹyọ kan lọ, tí a sì fẹ́ mọ iye tí yóò pa nínú wọn. Ká fi ẹyin mẹ́ta ṣe é. Ká ní 1,000 obìnrin ló wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ tí oníkálukú kó ẹyin mẹ́ta-mẹ́ta sínú ẹ̀rọ. Nínú 1,000 yìí, ẹyin àkọ́kọ́ á pa fún 800. Nínú àwọn 800, ẹyin kejì á pa fún 640. Nínú àwọn 640, ẹ̀kẹta á pa fún 512. Àwọn 512 yìí ló rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wò ó dáadáa: ẹyin tó dára ni, ẹni tó tà á kò purọ́, síbẹ̀ ó kù díẹ̀ kí ìdajì àwọn obìnrin yẹn má rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn tí méjì pa fún ńkọ́? Ó lè jẹ́ ẹyin àkọ́kọ́ ni kò pa, ó lè jẹ́ ìkejì, ó lè jẹ́ ẹ̀kẹta. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kó obìnrin 128 (1,000 × 0.8 × 0.8 × 0.2), mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 384. Àwọn tí ẹyọ kan ṣoṣo pa fún náà ní ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kó 32, àpapọ̀ rẹ̀ 96. Àwọn tí kò rí ẹyọ kan jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ ro 512, 384, 96 àti 8 pọ̀. Obìnrin 1,000 pé, kò sí ẹni tó sọnù.

Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ni ọmọ yín ń pè ní binomial. Èmi máa ń pè é ní ìpín: bí 1,000 obìnrin ṣe pín ara wọn sábẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nǹkan méjì ló ń ṣe ìpín yìí. Ìkíní ni bí ọ̀nà kan ṣe rọrùn tó. Ìkejì ni pé ọ̀nà mélòó ló wà. Gbogbo èèyàn ló ń rí ìkíní. Ìkejì ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá, òun ni mo sì fẹ́ jókòó lé lórí díẹ̀.

Ẹ mú obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin. Ẹ là á, ẹ dà á sílẹ̀. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè, ó sì lè dojú dé. (Mi ò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí obì ń wí o, ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n dà. Kíkà ni tèmi.) Awẹ́ mẹ́rin, ojú méjì-méjì: 2 × 2 × 2 × 2, ọ̀nà 16. Ọ̀nà kan péré ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi lè ṣíjú, ọ̀nà kan péré ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi lè dojú dé. Kí ẹyọ kan ṣíjú kí mẹ́ta dé, ọ̀nà mẹ́rin. Kí mẹ́ta ṣíjú kí ẹyọ kan dé, ọ̀nà mẹ́rin. Méjì sókè méjì sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́fà. 1, 4, 6, 4, 1. Méjì-méjì tí àwọn àgbà máa ń yọ̀ sí pé obì yàn, òun gan-an ni ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi èyí han ọmọ ọmọ mi, ó ń da obì náà lórí ẹní títí ìyá rẹ̀ fi wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó sì bi mí dára ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ: "Bàbá àgbà, ta ló sọ pé ìdajì-ìdajì ni?" Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Awẹ́ obì kì í ṣe kọ́bọ̀ pẹlẹbẹ; ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, inú rẹ̀ sì rí bákan. Ọ̀nà 16 yẹn kò yí padà, àmọ́ bí awẹ́ bá fẹ́ràn ojú kan ju ìkejì lọ, ọ̀nà kan á rọrùn ju òmíràn lọ.

Ẹ tún wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo. Èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Èso kọ̀ọ̀kan ṣí tàbí kó dé. Ẹ fi méjì na ara rẹ̀ nígbà mẹ́jọ, 256 lẹ máa rí. Iye Odù Ifá nìyẹn gẹ́lẹ́, Ojú Odù 16 àti ọmọ Odù 240, kì í sì í ṣe èèṣì. Ipò ni babaláwo ń wò lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kí èso òkè lọ́tùn-ún ṣí kò jọ kí èso ìsàlẹ̀ lósì ṣí. Kò jókòó ka iye tó ṣí. Nítorí náà, bí èso kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, Odù kan kò ní wá ju ìkejì lọ: ẹ̀ẹ̀kan nínú 256 ni ti oníkálukú.

Ẹ wá lọ bá olórìṣà tó ń da ẹẹ́rìndínlógún. Owó ẹyọ 16 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kò wo ipò rárá. Iye tó ṣíjú ló ń kà. Èsì tó lè rí kò ju 17 lọ, láti òdo dé 16, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí owó ẹyọ 16 fi lè balẹ̀ jẹ́ 65,536. Ọ̀nà 12,870 nínú rẹ̀ ló já sí mẹ́jọ ṣí mẹ́jọ dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Èjì Ogbè. Bí owó ẹyọ bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Kí gbogbo mẹ́rìndínlógún ṣíjú, ọ̀nà kan ṣoṣo. Èso ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti owó ẹyọ, ṣíṣí àti dídé ni méjèèjì ń ṣe. Kíkà ló kó èsì ọ̀kan jọ di òkìtì láàárín, tí ti èkejì fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹnu owó ẹyọ bá fẹ́ràn àtiṣí ju àtidé lọ, òkìtì yẹn á sún sókè díẹ̀, kò ní tú ká.

Ẹyin yín, ẹẹ́rìndínlógún ni, kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹ kò bi mí pé ẹyin wo ló pa, iye tó pa lẹ bi mí.

Fọ́múlà tí ọmọ yín kọ kò ju èyí lọ. Ó kọ iye ọ̀nà. Ó fi 0.8 na ara rẹ̀ ní iye ìgbà tí ẹyin pa. Ó fi 0.2 na ara rẹ̀ ní iye ìgbà tí kò pa. Ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta na ara wọn. Fún méjìlá nínú ogún, ọ̀nà 125,970 ló wà. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kà á. Fóònù yín á ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ogún ẹyin. Ká ní 100 obìnrin ra ogún-ogún ẹyin lọ́wọ́ ẹni tó sọ òótọ́, tí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ ń pa lóòótọ́. Ṣé gbogbo wọn ni yóò rí mẹ́rìndínlógún? Méjìlélógún péré ni. Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ bọ́ sí nọ́ńbà odindi, 21 á rí mẹ́tàdínlógún, 17 á rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 14 á rí méjìdínlógún, 11 á rí mẹ́rìnlá, mẹ́fà á rí mọ́kàndínlógún, márùn-ún á rí mẹ́tàlá, méjì á rí méjìlá. Ẹnì kan nínú gbogbo wọn á rí ogún pé, inú rẹ̀ á dùn, á máa sọ fún gbogbo ọjà pé ọwọ́ òun ló tutù. Ẹnì kan tó kù á rí mọ́kànlá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, òun náà á máa wá ẹni tó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ẹyin kan náà ni wọ́n jọ rà, èèṣì lásán ló ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Mẹ́rìndínlógún tí ẹ ń retí yẹn, àárín òkìtì ni. Kì í ṣe ìlérí. Ọkùnrin náà lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń fọwọ́ sọ̀yà, òun náà lè rò pé mẹ́rìndínlógún ni yóò máa jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn àìmọ̀kan ni, kì í ṣe jìbìtì.

Ẹ̀yin wà láàárín àwọn mẹ́ta ìgbẹ̀yìn nínú 100 nígbà àkọ́kọ́. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kéré, mi ò ní jiyàn. Ká ní ìgbà yẹn nìkan lẹ kọ̀wé lé lórí ni, ǹ bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ṣùgbọ́n ẹ tún ní mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́. A kì í mú èyí tó dùn wá, ká fi èyí tó dùn mọ́ wa sílẹ̀, ká ní a ń ṣe ìṣirò. Àpapọ̀ rẹ̀ 29 nínú 40. Àárín rẹ̀ ni 32. Bí òótọ́ bá ni ọkùnrin náà sọ, nǹkan bí ìgbà 16 nínú 100 ni irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ yóò rí 29 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà pẹ̀lú kí ẹ ju dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀kan kó já sí mẹ́fà. Ta ló ń pe ẹlòmíràn lólè torí pé ó ju mẹ́fà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́ níbí, torí àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ń ṣubú sí kòtò yìí. Mi ò sọ pé ìṣeéṣe kí ọkùnrin náà jẹ́ olóòótọ́ jẹ́ 16 nínú 100. Ìṣirò tí mo ṣe kò mọ ọkùnrin náà rí. Ó kàn ní: ká gbà pé òótọ́ ló sọ, ẹ̀ẹ̀mélòó ni irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀? Bóyá ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tàbí ẹ kò gbà á, ó tún kù sí ohun mìíràn tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀, bí àkùkọ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn abo.

Ẹ wá fi gbólóhùn tó wúwo jù pamọ́ sí ìdí lẹ́tà yín bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Iná lọ. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ẹ tó rí epo.

Gbogbo ohun tí mo ti ń kà láti òwúrọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kan ni pé ìṣeéṣe ẹyin kọ̀ọ̀kan jẹ́ bákan náà. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Bí ẹyin kan bá tilẹ̀ dára ju ìkejì lọ díẹ̀, òkìtì wa kò ní wó. Ẹsẹ̀ kejì ló ń ṣẹ́: ohun tó ṣe ẹyin kan kò gbọdọ̀ kan ẹyin kejì. Ooru tí ẹyin adìẹ nílò nínú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lójoojúmọ́ títí tí yóò fi pa. Bí iná bá lọ, kò sí ẹyin tí ooru ṣẹ́kù fún. Ogún ni òtútù jọ mú lóru ọjọ́ kan náà. Kì í tún ṣe owó ẹyọ ogún tó ń balẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni pé ẹ fi àtè lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn kí ẹ tó dà wọ́n sílẹ̀: bí ọ̀kan bá dé, ó fa èkejì dé.

Ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ìpín wa rọrùn láti rí. Òkìtì àárín á tẹ́, etí rẹ̀ á nípọn. Ìgbà tí iná bá dúró, ẹ ó rí mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún. Ìgbà tí kò bá dúró, ẹ ó rí mẹ́wàá, méjìlá. Méjìlá tí mo pè ní mẹ́ta nínú 100 lẹ́ẹ̀kan, fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró, ohun ojoojúmọ́ ni. Ìṣirò binomial kò mọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ pé kí n ta tẹ́tẹ́, ibẹ̀ ni màá fi owó mi sí ju orí ọkùnrin ẹlẹ́yin lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kan èèyàn ju bó ṣe kan adìẹ lọ. Ọkọ jẹ́ AS, ìyàwó jẹ́ AS. Dókítà ní ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ìṣeéṣe kó jẹ́ SS, kó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tí bàbá kan ń ṣírò rẹ̀ báyìí: àkọ́bí wa ni SS, a ti rí ẹyọ kan tiwa, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ọ̀kan nínú mẹ́rin kì í ṣe gbèsè tí èèyàn ń san tán. Oyún kejì kò mọ ohun tó ṣe oyún àkọ́kọ́; ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ló tún bá wá. Nínú 100 irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bí 32 kò ní ní SS kankan, 42 á ní ẹyọ kan, 21 á ní méjì, márùn-ún á ní mẹ́ta. Ìdílé tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ SS tó bí mẹ́rin nínú 1,000. Ẹ wo àwọn 32 yẹn: àwọn ló ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe AS àti AS, pé àwọn fẹ́ ara àwọn, kò sì sí wàhálà.

Orúkọ yín pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ìyá Ìbejì. Bó bá jẹ́ inú ẹyin kan tó pín sí méjì ni ìbejì ti wá, tí wọ́n jọra dé ibi pé ìyá wọn ń ṣì wọ́n pè, jẹ́nótáìpù kan náà ni wọ́n máa ń ní. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ da obì yẹn, ẹ kàn kà á lẹ́ẹ̀mejì ni. Bó bá jẹ́ ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọ̀pọ̀ jù lọ ìbejì àwa Yorùbá ṣe rí, títí dé Ìgbó-Ọrà tí gbogbo ayé ti mọ̀ mọ́ ìbejì, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ dà á. Ẹni tó bá fẹ́ lo fọ́múlà ọmọ yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo lòun ń kà.

Ká padà sídìí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kọkànlélógún. Ní bí ọjọ́ keje, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin níbi tó ti nípọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ti ń di adìẹ, ẹ ó rí iṣan pupa tó ta kiri bíi gbòǹgbò láti ojú kan. Èyí tó mọ́ fòò, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kò gba àkùkọ, tàbí ó ti pẹ́ jù kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yin nìyẹn. Èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá kú sínú lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kejì: ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ti ooru àti omi inú ẹ̀rọ. Ẹ wò ó, ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kan di méjì, oníkálukú sì ní ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹyin tí iná kò da láàmú yóò fi pé 100. Bí 70 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ bá pa nínú 100, ẹ lè lọ bá ọkùnrin náà pẹ̀lú ìwé yín lọ́wọ́, torí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 100 ni irú èyí ń ṣe ẹni tó ra ẹyin lọ́wọ́ olóòótọ́. Ó lè yà yín lẹ́nu: 12 nínú 20 burú ju 70 nínú 100 lọ bí a bá fi ojú lásán wò ó, ìyẹn ìdá 60 sí ìdá 70. Síbẹ̀ 70 nínú 100 ni ẹ̀rí tó le jù. Bí ẹyin ṣe ń pọ̀ sí i ni òkìtì ń rọ̀ mọ́ àárín rẹ̀, tí ìyàtọ̀ kékeré fi ń di ẹ̀rí ńlá.

Ó ku oníbàárà tó fẹ́ ogún òròmọdìẹ. Ẹ̀yin ṣírò pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ẹyin 25 jẹ́ ogún, ẹ sì ṣírò rẹ̀ re. Àmọ́ àárín lẹ tún rí yẹn, ẹ rò pé ìlérí ni. Bí ẹ bá kó 25, nǹkan bí ìgbà 62 nínú 100 ni ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò pa. Ìgbà 38 tó kù, ẹ ó máa bẹ oníbàárà. Bí ẹ bá kó 28, ó di ìgbà 91 nínú 100. Bí ẹ bá kó 30, ó di 97. Ẹyin mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ fi kún un ṣiṣẹ́ tó pọ̀, méjì tó tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe tó o. Tó bá jẹ́ èmi ni, 28 ni màá kó, màá sì ti bá oníbàárà sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ náà pé ó lè ku ẹyọ kan. Àmọ́ bó bá ti sanwó pé, tó sì jẹ́ irú oníbàárà tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ kó 30, kí ẹ sì ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ra ẹyin.